RAID kì í ṣe backup: ọ̀rọ̀ mi sí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi iyára yangàn

1/
Ẹ̀yin èèyàn mi, thread gígùn ni o. Ẹ po gààrí, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ máa bí àwọn kan nínú, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ya inú kọ̀ǹpútà yín pẹ̀lú iná aláwọ̀ mẹ́ta, tẹ́ ẹ á wá kọ ọ́ sábẹ̀ pé “SSD méjì, RAID 0, ẹ̀rọ mi ń fò.” Ẹ bínú tó bá wù yín, àmọ́ ẹ kà á tán ná.

2/
Fún ẹni tí kò ní sùúrù, òun rèé ní ṣókí: RAID kì í ṣe backup. Ẹni tó bá so SSD méjì pọ̀ nítorí àtisáré, tí kò sì ní ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ níbòmíì, ẹkún ló fi owó ara rẹ̀ rà sílẹ̀. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ti sun ẹkún tèmi.

3/
Ọ̀rányàn ni mò ń gbé, ní Ìbàdàn, nínú agbo ilé bàbá bàbá mi. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa mọ bí òrùlé páànù kan ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gun orí èkejì, láti ọ̀dọ̀ wa títí dé Ọjà'ba. Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe: ìgbéyàwó, yìgì, ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú, fìdáù, ọjọ́ ìbí àwọn àgbà. Yàrá kan náà ni ọ́fíìsì mi. Tábìlì kan, bẹ́ẹ̀dì kan, desktop tòkúnbọ̀ kan.

4/
Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, desktop yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Hard disk àtijọ́ ló wà nínú ẹ̀. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan láàárín ìlú. Mi ò ní dárúkọ wọn, ẹ má wulẹ̀ wá sí DM mi. Ẹ̀gbọ́n tó wà níbẹ̀ wo ẹ̀rọ, ó wò mí, ó ní: “Àbúrò, SSD ẹyọ kan á ṣe é. Àmọ́ tó o bá fẹ́ kó fò, jẹ́ ká ki méjì sí i, ká so wọ́n ní RAID 0. Ìlọ́po méjì ni iyára ẹ̀ á jẹ́.”

5/
Wọ́n ní “kó fò”, kí ni mo tún ń rò? Mo san owó. SSD méjì, gíìgì 480 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Windows rí méjèèjì bíi drive ńlá kan ṣoṣo. Mo fi software dán iyára ẹ̀ wò, nọ́ńbà yẹn kọjá 1,000 MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo ya screenshot, mo gbé e síta, likes ya wọlé bí òjò. Ẹ̀gbọ́n oníṣọ́ọ̀bù o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ tẹ like o, èmi fúnra mi o, kò sẹ́ni tó béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo tó yẹ ká béèrè: “Tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá kú ńkọ́?”

6/
Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé RAID 0 bí mo ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyá mi. Ká ní o ní ìwé kan tó ní igba ojú ìwé. O fà á ya. Ojú ìwé kìíní, o kó o sínú àpótí ọ̀tún. Èkejì, àpótí òsì. Ẹ̀kẹta, ọ̀tún. Ẹ̀kẹrin, òsì. Títí dé ìparí. Nígbà tó o bá fẹ́ kà á, èèyàn méjì á máa fa ojú ìwé jáde fún ẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí tó fi yá nìyẹn. Wàyí o, iná wá jó àpótí òsì. Kí ló kù fún ẹ? Ìwé tí kò ní ojú ìwé kejì, ìkẹrin, ìkẹfà, ìkẹjọ. Ta ló fẹ́ ka ìyẹn?

7/
Ti kọ̀ǹpútà tún burú ju ti ìwé lọ, torí ègé kéékèèké ló ń gé e sí. Tó bá jẹ́ kìlóbáìtì 128 ló ń gé e, fídíò gíìgì kan ṣoṣo á di ègé 8,192. Ìdajì lọ́tùn-ún, ìdajì lósì. SSD kan kú, fídíò náà ti lọ nìyẹn, títí kan ìdajì tó wà lórí SSD tó ṣì ń mí.

8/
Oṣù mẹ́jọ ni mo fi fò. Lóru ọjọ́ kan, bí aago méjì, mò ń render lọ́wọ́. Wọ́n mú iná lọ. Wọ́n mú un wá. Wọ́n mú un lọ. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹta. Mi ò ní UPS, torí owó UPS ni mo fi ra SSD kejì. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, kọ̀ǹpútà tan, ojú ẹ̀ dúdú, ó kọ ọ́ síbẹ̀: Failed. SSD kan ò dáhùn mọ́. Kò pariwo, kò lọ́ra lọ́jọ́ tó ṣáájú, kò ṣe àmì kankan. Hard disk tó fẹ́ kú sábà máa ń ké kẹ̀ẹ́-kẹ̀ẹ́ kó o lè mọ̀ pé ara ẹ̀ ò yá. Ọ̀pọ̀ SSD ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wà lónìí, ó kú lọ́la.

9/
Ilẹ̀ mọ́, mo gbé e padà lọ bá ẹ̀gbọ́n. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí. Ó ní: “SSD ti kú nìyẹn. Ṣé o ò ní backup ni?”
Ẹ gbọ́ mi o. Ọjọ́ tó ń tà á fún mi, ọ̀rọ̀ fífò ló ń sọ. Ọjọ́ tó bàjẹ́ ló rántí backup. Mo fẹ́ sọ pé “Ẹ̀gbọ́n, ìgbà tẹ́ ẹ̀ ń gba owó lọ́wọ́ mi ńkọ́?” Mo gbé e mì. Ṣebí èmi náà ò béèrè.

10/
Iṣẹ́ mọ́kànlá ló wà lórí ẹ̀. Mẹ́wàá, mo ti fi jíṣẹ́ fún àwọn oníbàárà, ó wà lórí flash wọn. Ẹyọ kan ló dun èmi títí dòní.
Ìyá kan wà tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba. Bàbá wọn pé ẹni ọgọ́rin ọdún, èmi ni mo ya fídíò ayẹyẹ náà. Mo ti fún wọn ní èyí tí mo gé: ijó, owó níná, àwọn ọmọ tó kúnlẹ̀. Àmọ́ ní ọjọ́ yẹn, Bàbá gba makirofóònù, wọ́n sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Bí bàbá wọn ṣe dé Ọ̀rányàn. Ìyàwó wo ló bí ta ni. Ta ló ni yàrá ẹ̀yìn. Mo yọ ọ́ kúrò torí ó gùn, kò ní ijó. Mo ní “Mọ́mì, màá ṣe ìyẹn fún yín lọ́tọ̀.” Mi ò tíì ṣe é kí SSD tó kú. Memory card tí mo fi yà á, mo ti pa á rẹ́, mo ti gbé e lọ òde míì.

11/
Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, Bàbá kú. Lẹ́yìn fìdáù, Mọ́mì wá sí yàrá mi. Wọ́n ní: “Oníkámẹ́rà, ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ lọ́jọ́ sí, èyí tó o ní wàá yọ fún wa lọ́tọ̀, òun la wá gbà.”
Mo ní: “Mọ́mì, ẹ má bínú, kọ̀ǹpútà mi ló bàjẹ́.”
Wọ́n wo tábìlì. Wọ́n ní: “Ṣebí òun ló ń tàn yìí?”
Mo ṣàlàyé títí. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá ní: “Ohùn wọn nìkan ńkọ́? Ṣé kò lè ku ohùn wọn níbẹ̀?”
Mo ní kò kù.
Wọ́n ní “Ó dáa, o ṣé, ọmọ mi,” wọ́n dìde, wọ́n lọ. Ká ní wọ́n gbá mi létí ni, ì bá sàn.

12/
Àwọn ọ̀rẹ́ mi wá ń tù mí nínú. “Ṣebí motherboard ò jó. Ṣebí monitor wà. Omi ló dànù, agbè ò fọ́.”
Òwe yẹn dáa fún ẹni tọ́mọ kú fún, tí ìyá ṣì wà láyé. Nídìí iṣẹ́ tiwa, ẹ yí i padà. Agbè wà ní ọjà lọ rẹpẹtẹ, owó la fi ń rà á. Omi tó dànù yẹn gan-an ni Mọ́mì wá bù.

13/
Ẹ wá jẹ́ ká mú àwáwí yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́: “RAID kúkú ni, àwọn ọ̀mọ̀wé ló ṣe é, ó láàbò.”
Ọdún 1988 ni David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz, ní University of California ní Berkeley, kọ ìwé tó sọ orúkọ yẹn di ohun tí ayé mọ̀. Wọ́n ní dípò kéèyàn ra disk ńlá olówó gọbọi kan, kó kó àwọn kékeré olówó pọ́ọ́kú jọ. Àmọ́ wọ́n rí wàhálà tó wà níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀: bí disk bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ tí ọ̀kan máa kú ṣe máa sún mọ́ tó. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní ká fi àfikún sí i, kí ọ̀kan lè kú kí iṣẹ́ má dúró. Lẹ́tà R tó ṣáájú orúkọ yẹn, àfikún yìí ló dúró fún. Ìpele 1 sí 5 ni wọ́n kọ sínú ìwé wọn. Òdo kò sí níbẹ̀.

14/
Torí náà, ẹ wo orúkọ náà dáadáa. RAID 0. Òdo. Àfikún tó wà níbẹ̀, òdo ni. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé yẹn ń sá fún gan-an lẹ̀gbọ́n tà fún mi, tó sì gba owó iṣẹ́ lé e. Ẹ mú ìṣirò kékeré, àpẹẹrẹ lásán ni: ká ní SSD kan ní ewu mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún pé ó máa kú lọ́dún kan. So méjì ní RAID 0, ewu ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ di mẹ́fà. O sanwó ìlọ́po méjì, o ra ewu ìlọ́po méjì.

15/
Àwáwí kejì: “Iṣẹ́ 4K ni mò ń ṣe, mo nílò iyára.”
Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tá a fi ń ya òde, tó bá ń ya 4K ní 100 megabit, megabáìtì 12 àtààbọ̀ ló ń lò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kámẹ́rà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, 37 àtààbọ̀. SSD SATA kan ṣoṣo ń ka nǹkan bí 500. Ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́tàlá ohun tó o nílò lọ, kó o tó ra èkejì rárá!

16/
Kí ló wá ń jẹ́ kí timeline máa há? Processor tó ń tú fídíò H.264 tàbí H.265 palẹ̀, RAM tó kéré, graphics card tó ti darúgbó. Tó o bá so SSD mẹ́wàá pọ̀, ìyẹn ò ní yí padà. Fi proxy ṣiṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Ra RAM. Tí motherboard ẹ bá sì láyè fún un, NVMe ẹyọ kan tó ń lo PCIe 3.0 ń sún mọ́ 3,500 MB. PCIe 4.0, bíi 7,000. Ẹyọ kan ṣoṣo o! RAID 0 mi pẹ̀lú gbogbo ariwo ẹ̀ ń ṣe 1,000 péré. Èmi ni mò ń fi kẹ̀kẹ́ méjì bá ọkọ̀ sáré tí mo tún ń ya screenshot.

17/
Àwáwí kẹta, ibí ni àwọn ọlọ́gbọ́n inú yín máa ti yọjú: “Òmùgọ̀ ló ń lo RAID 0. RAID 1 ni tèmi. Ohun tó bá wọ ọ̀tún, ó wọ òsì. Mo ti ní ẹ̀dà méjì.”
Ẹ jókòó. RAID 1 dáa ju tèmi lọ, mi ò jiyàn. SSD kan kú, èkejì ń báṣẹ́ lọ. Àmọ́ dígí ni RAID 1. Tó o bá rẹ́rìn-ín, dígí rẹ́rìn-ín. Tó o bá fi ọ̀bẹ gún ara ẹ, ẹni inú dígí náà ti gún ara ẹ̀. O fi àṣìṣe pa fódà kan rẹ́, ó ti pa rẹ́ lórí méjèèjì kó o tó yọ ọwọ́ kúrò lórí keyboard. Fáírọ́ọ̀sì ti fáìlì ẹ pa, ó ti méjèèjì pa. Olè gbé desktop, ó gbé méjèèjì.

18/
Nǹkan mìíràn tún wà tí ẹ ò rò. SSD méjì tẹ́ ẹ rà lọ́jọ́ kan náà, ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà, ìbejì ni wọ́n. Àìsàn tó bá mú Táyé lè mú Kẹ́hìndé. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2019, HPE, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ta server, kéde pé àṣìṣe wà nínú firmware àwọn SSD kan tí wọ́n tà: tó bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 32,768, ó tán. Ọdún mẹ́ta, ọjọ́ 270, wákàtí mẹ́jọ. Wọ́n fẹnu ara wọn kìlọ̀ pé àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lè jọ kú fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Oṣù Kẹta 2020, wọ́n tún kéde òmíràn, wákàtí 40,000 ni tìyẹn. Àwọn tó ń ra nǹkan ńlá fún báńkì ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ta ni ìwọ àti èmi?

19/
Àwáwí kẹrin: “Mo ti ṣètò ẹ̀ nínú BIOS, kò sí wàhálà.”
Ṣé o mọ bátìrì pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀ tó wà lórí motherboard? Desktop tòkúnbọ̀ ni púpọ̀ nínú wa ń lò, bátìrì yẹn sì ti gbó. Ọjọ́ tó bá kú, tí iná sì lọ, BIOS lè gbàgbé gbogbo ohun tó o ṣètò, RAID á padà di AHCI. Windows ò ní tan. Wàá gbé e lọ bá ẹnì kan, ẹni yẹn á rí disk méjì tí kò yé e, Windows á bi í pé ṣé kí n initialize? Á tẹ yes. Ẹ kọ eléyìí sára ògiri yín: Ẹ MÁ TẸ YES. Ẹ padà sínú BIOS, ẹ dá a padà sí RAID, ẹ pààrọ̀ bátìrì. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo nǹkan yín ṣì wà níbẹ̀.

20/
Kí motherboard wá jó pátápátá ńkọ́? RAID tí motherboard kan ṣètò, òmíràn lè má dá a mọ̀ rárá. Tó bá pọn dandan fún ẹ láti lo RAID, Storage Spaces ti Windows tàbí mdadm ti Linux ṣeé tú lọ sórí kọ̀ǹpútà míì pẹ̀lú ìrọ̀rùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àti UPS o! Ọ̀pọ̀ SSD táwa ń rà ò ní kàpásítọ̀ tó lè gbé e ró títí á fi kọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí iná bá já lójijì. Ti àwọn server ńláńlá ló sábà máa ń ní in. Ní orílẹ̀-èdè tí grid ti wó lulẹ̀ léraléra ní 2024, ẹni tó bá ra SSD kejì ṣáájú UPS, bíi tèmi, ó gbé fìlà ṣáájú sòkòtò.

21/
Àwáwí karùn-ún: “Mo ní external hard disk, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà mi níbẹ̀.”
O ti ń bọ̀ lọ́nà, àmọ́ o ò tíì dé. Abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n wà. Bi àwọn àgbà Ìbàdàn léèrè ohun tí Ògùnpa ṣe ní ọjọ́ 31, Oṣù Kẹjọ, 1980. Ìwọ tí o ò tíì dáyé nígbà yẹn, o ṣáà rántí omíyalé 26, Oṣù Kẹjọ, 2011. Ilé Cocoa House tá a fi ń yangàn, iná wọ inú ẹ̀ ní Oṣù Kìíní 1985. Òkúta ló fi ń dúró títí dòní, àmọ́ ìwé tó wà nínú ẹ̀ ń kọ́? Páànù tèmi ní Ọ̀rányàn kọ́ ló máa ṣe ohun tí Cocoa House ò lè ṣe. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ kúrò nílé.

22/
Ẹ gbọ́ ìtàn kan. Toy Story 2, ẹ ti wò ó. Lọ́dún 1998, nígbà tí Pixar ń ṣe é lọ́wọ́, ẹnì kan tẹ àṣẹ kan tó ń pa fáìlì rẹ́, fíìmù náà bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́ lójú wọn. Wọ́n sáré lọ bá backup: backup ti ń bàjẹ́ tipẹ́, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Galyn Susman ló gbà wọ́n. Ó ti bímọ, ilé ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀dà fíìmù náà wà lórí kọ̀ǹpútà tó wà nílé ẹ̀. Wọ́n lọ gbé e nínú mọ́tò bí ẹni gbé ẹyin. Gbogbo owó Pixar, gbogbo ẹ̀rọ wọn, ẹ̀dà tó wà nílé ìyá ọlọ́mọ ló yọ wọ́n.
Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ wà níta. Backup tó ò tíì ṣí wò rí, àdúrà lásán ni.

23/
Àwáwí tó kẹ́yìn, òun nìkan ni mo bọ̀wọ̀ fún: “Kò sówó.”
Mo gbọ́. Data wọ́n, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé gíìgì igba lọ sí cloud láti Bẹ́ẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ tó o ra SSD méjì, owó èkejì wà lọ́wọ́ ẹ! Fi owó SSD kejì yẹn ra hard disk tó ń yí, èyí tó wà nínú ike. Owó kan náà á fún ẹ ní àyè tó pọ̀ ju ti SSD lọ dáadáa. Má lo SSD fún ìpamọ́ ọlọ́jọ́ gbọọrọ o: èyí tó bá jókòó sínú dúrọ́ọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìrí iná lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé ohun tó wà nínú ẹ̀. Owó ò tíì jẹ́ wàhálà wa. Ohun tá a kọ́kọ́ fi ra nǹkan ni wàhálà wa. Iná aláwọ̀ mẹ́ta ò gba fáìlì kankan là rí.

24/
Ṣé mò ń sọ pé RAID ò wúlò ni? Rárá. Ilé iṣẹ́ rédíò tí kò gbọdọ̀ dákẹ́, báńkì, ilé ìwòsàn, server tí ẹgbẹ̀rún èèyàn ń lò lẹ́ẹ̀kan náà: RAID wà fún kí iṣẹ́ wọn má dúró tí disk kan bá kú. Wọ́n sì tún ń ṣe backup lé e. RAID 0 gan-an, tó o bá fi ń kó cache àti àwọn fáìlì tó o lè ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, máa fò lọ, mi ò bá ẹ jà. Ìjà mi wà lórí ọ̀rọ̀ Bàbá Mọ́mì elélùbọ́, èyí tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i.

25/
Ohun tí mò ń ṣe báyìí rèé. Peter Krogh, ayafọ́tò ará Amẹ́ríkà, ló jẹ́ kí òfin 3-2-1 tàn kálẹ̀: ẹ̀dà mẹ́ta, orí oríṣi nǹkan méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíì.
• SSD ẹyọ kan nínú desktop, òun ni mo fi ń ṣiṣẹ́. RAID ti lọ.
• Hard disk kìíní nínú yàrá mi. Tí mo bá ti òde dé, mi ò ní sùn kí n tó da gbogbo ẹ̀ sí i.
• Hard disk kejì ní ilé àǹtí mi ní Àkóbọ̀. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mo máa ń lọ fi iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kún un. Wọ́n ń fún mi ní ọbẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn náà wà.
• Mi ò pa memory card rẹ́ àfi tí ẹ̀dà méjì bá ti wà.
• Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, mo máa ń ṣí fídíò àtijọ́ kan láti orí hard disk kọ̀ọ̀kan, mo máa ń wò ó.
• UPS wà nílẹ̀. Ó burẹ́wà, ó ń ké bí adìyẹ, mo fẹ́ràn ẹ̀.

26/
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ ń ta kọ̀ǹpútà, mo kúnlẹ̀, àmọ́ màá sọ ọ́. Kẹ́ ẹ tó pe RAID sí ọmọdé létí, ẹ bi í léèrè mẹ́ta: Kí lo fi ń ṣe? Níbo ni ẹ̀dà ẹ̀ wà? Tí ọ̀kan bá kú lónìí, kí ni wàá pàdánù? Tí kò bá lè dáhùn, hard disk ni kẹ́ ẹ tà fún un. Ẹ ó ṣì jẹ èrè yín. Ẹ ò ní jẹ ẹkún ẹlòmíì mọ́ ọn.

27/
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pe oníkámẹ́rà sí òde yín náà, ẹ yéé béèrè drone nìkan. Ẹ béèrè pé: “Ẹ̀dà mélòó lẹ máa ń tọ́jú, níbo lẹ ń kó wọn sí, fún oṣù mélòó?” Tó bá ń ṣe kámikàmì, ẹ gba fídíò tí kò tíì gé lọ́wọ́ ẹ̀, gbogbo ẹ̀, ẹ fi sọ́wọ́. Ó lè má dùn ún wò lónìí. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tó jẹ́ pé ibi tí kò ní ijó yẹn lẹ máa wá.

28/
Àwa oníṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Ohun táwọn èèyàn ń gbé lé wa lọ́wọ́, àmánà ni. Bàbá wọn ni. Ohùn ìyá wọn ni. Ẹ̀rín ọmọ tí kò ní kéré mọ́ láé ni. Ẹni tó gba àmánà kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “báwo ló ṣe máa yá tó?” Ibi tó máa fi í pamọ́ sí ló kọ́kọ́ ń wá.

29/
Mo ṣì máa ń kọjá níwájú ìsọ̀ Mọ́mì. Wọ́n ṣì máa ń kí mi: “Oníkámẹ́rà, báwo niṣẹ́?” Wọn ò béèrè fídíò mọ́. Ní oṣù tó kọjá, mo bẹ̀ wọ́n pé kí n wá ya ẹ̀gbọ́n Bàbá obìnrin tó kù láyé, kí Màmá sọ ìwọ̀nba tí wọ́n rántí. Wọ́n gbà. Mo yà á, mi ò gba kọ́bọ̀. Kì í ṣe ohùn Bàbá, mo mọ̀. Àmọ́ kí n tó jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ti wà níbi méjì. Lọ́jọ́ Ajé, ó di ibi mẹ́ta. Ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ Mọ́mì fúnra wọn.

30/
Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Mo ti jìn sí i fún yín. Kẹ́ ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ mú fídíò kan ṣoṣo tẹ́ ò lè tún rí yà láé, ẹ da ẹ̀dà ẹ̀ sórí nǹkan míì, ẹ gbé e fún ẹni tí kò bá yín gbé ilé kan náà. Ẹyọ kan péré. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe é, ẹ kọ “ó ti wà níta” sábẹ́ ibí, kí n lè mọ̀ pé kì í ṣe lásán ni mo fi ìtìjú ara mi ṣe thread.
Ẹ bá mi pín in dé ọ̀dọ̀ gbogbo oníkámẹ́rà tẹ́ ẹ mọ̀. Ó tán.